Ẹ Gbé Ìpín Wọn Lọ Bá Wọn Nílé

Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 30. Ẹ fi nǹkan há a, nítorí a máa padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa la fẹ́ sọ lónìí, àti ọ̀rọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé ilé ìjọsìn mọ́.

Dáfídì àti àwọn ènìyàn rẹ̀, 600 ọkùnrin, padà dé Síkílágì, wọ́n bá ìlú náà tó ti jóná. Àwọn ará Ámálékì ti kó ìyàwó àti ọmọ wọn lọ. Wọ́n sunkún títí wọn ò fi ní agbára ẹkún mọ́. Wọ́n wá gbá tẹ̀lé ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, 200 nínú wọn ò lè rìn mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ láti lọ o, ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n jókòó síbẹ̀ ti ẹrù. Àwọn 400 tó kù kọjá odò, wọ́n jà, Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n gba gbogbo ènìyàn wọn padà, wọ́n sì kó ìkógun lé e. Ìgbà tí wọ́n padà dé odò ni ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn 400 ní kí wọ́n má fún àwọn tó jókòó ní nǹkan kan, àfi kí oníkálukú wọn mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹsẹ 22, Bíbélì pe àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn burúkú. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Dáfídì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní dọ́gbadọ́gba ni wọ́n máa pín in, ẹni tó jà àti ẹni tó ṣọ́ ẹrù. Ó sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì.

Ẹ di ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀ fún mi: ìpín. Dáfídì ò ní kí wọ́n ṣàánú àwọn 200. Kò ní kí wọ́n fún wọn ní èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ó ní wọ́n ní ìpín. Bí nǹkan bá jẹ́ ìpín ẹnì kan, tí o kò gbé e fún un, o ò ṣe ahun lásán, o jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Àwa Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nílé yín, tí ìyá àgbà ò lè jáde wá sábẹ́ kánópì, ṣé ẹ máa ní kò wá, nítorí náà kò ní jẹ? Rárá o. Kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun ni wọ́n á ti bu ti ìyá sínú kúlà. Ẹran tó rọ̀ ni wọ́n á ṣà fún un nítorí eyín, wọ́n á sì rán ọmọ tẹ́sẹ̀ rẹ̀ yá kó gbé e lọ kó má baà tutù. Bí wọ́n bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìyá á ní, "Wọ́n ṣe ìnáwó, wọn ò rántí mi." Ó lè tó ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà tó tán nínú ẹbí. Nehemáyà náà mọ̀ ọ́n. Ní orí 8, ẹsẹ 10, nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ òfin Ọlọ́run tí wọ́n ń sunkún, ó ní kí wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì fi ti àwọn tí kò ní ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá kan tábìlì Olúwa, ṣe la máa ń gbàgbé àṣà ilé wa. A jẹ, a mu, a fọ ago, a dé e, a lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa bí àgbàlagbà ṣe ń pòórá láàárín wa. Orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú. Òmíràn sì wà tí wọn ò ní sọ fún yín láé: ìtọ̀ tí kì í dúró mọ́. Ìsìn wa gba wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, àtẹ̀gùn sì wà níbẹ̀. Ìyá tó jẹ́ ẹni iyì láti ìgbà èwe rẹ̀ ò ní fẹ́ kí aṣọ òun tutù lórí àga níwájú àwọn ọmọ tó tọ́. Ó sàn fún un kó jókòó sílé. Ẹ bá béèrè, á ní, "Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá." Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Àwọn usher ti fún ẹlòmíràn ní àga rẹ̀. Ìyá tó gbé yẹ̀pẹ̀ lórí nígbà tí a ń kọ́ ilé ìjọsìn yìí, tó ń ta ẹ̀kọ tó sì ń san ìdá mẹ́wàá rẹ̀, wá di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí a máa tún gbọ́ orúkọ náà, ìkéde ìsìnkú ni. A máa wá ya kánópì, a máa wọ aṣọ ẹbí, ẹgbẹ́ akọrin máa kọrin títí ilẹ̀ máa fi ṣú. Ẹ̀yin ará, òkú kì í gba Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ìgbà tó wà láàyè ló ń fẹ́ ẹ.

Ẹni kan lè ní, "Pásítọ̀, ṣé ó wà nínú Bíbélì pé kí a gbé oúnjẹ náà kúrò ní ilé ìjọsìn?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ilé gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2, ẹsẹ 46, láti ilé dé ilé ni wọ́n ti ń bu búrẹ́dì. Ẹ tún ṣí orí 6. Ọ̀kan nínú àwọn ìjà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọ, orí oúnjẹ ni, àwọn opó sì ni wọ́n ń gbójú fò nígbà tí wọ́n ń pín in lójoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí àwọn opó ní sùúrù. Wọ́n yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ láti bójú tó o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti mú iṣẹ́ díákónì. Nítorí náà, ẹ̀yin díákónì wa tí ẹ wọ kóòtù, tí ẹ dúró lójú ọ̀nà, tí ẹ ń darí ọkọ̀, iṣẹ́ tó bí yín nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi.

Ìdáhùn kejì ni ohun tí àwọn bàbá ìgbàgbọ́ ṣe lẹ́yìn àwọn àpọ́sítélì. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Justin, onímọ̀ tó di Kristẹni, tí wọ́n padà pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ó kọ ìwé sí olú-ọba Antoninus Pius láti ṣàlàyé ohun tí àwọn Kristẹni ń ṣe nígbà tí wọ́n bá péjọ, nítorí àwọn ènìyàn ń pa irọ́ burúkú mọ́ wọn. Ó ní wọ́n á ka ìwé àwọn wòlíì, ẹni tó ń darí á wàásù, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á dúpẹ́ lórí búrẹ́dì àti wáìnì, gbogbo ìjọ á gbà á. Lẹ́yìn náà, àwọn díákónì á gbé e lọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin yìí ń ṣàlàyé ìsìn fún ọba kèfèrí, àyè tó ní ò pọ̀, síbẹ̀ kò fo ìyẹn. Gbígbé e lọ fún ẹni tí kò lè wá jẹ́ ara ìsìn lójú wọn. Ìsìn ò tíì parí títí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 250, inúnibíni ńlá kan jà. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Serapion rúbọ sí òrìṣà nígbà yẹn nítorí ìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ó kábàámọ̀, ó bẹ ìjọ, wọn ò dá a lóhùn. Àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ta jí díẹ̀, ó ní kí ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọdékùnrin kan, sáré lọ pe àlùfáà. Òru ni. Àlùfáà náà ń ṣàìsàn, kò lè dìde. Ṣé ó ní kí wọ́n padà wá tó bá di àárọ̀? Ó bu díẹ̀ nínú oúnjẹ Olúwa fún ọmọ náà, ó ní kó fi omi rin ín, kó kán an sí bàbá àgbà lẹ́nu. Ọmọ náà sáré padà. Kó tó wọlé ni bàbá ti mọ̀ pé ó ti dé. Ó kán an sí i lẹ́nu, bàbá gbé díẹ̀ mì, ó sì sùn nínú Olúwa. Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, ló kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà, Eusebius sì fi í sínú ìwé ìtàn ìjọ tó kọ. Ẹ wo àwọn tó wà nínú ìtàn náà: arúgbó tó ti ṣubú rí, àlùfáà aláìsàn, àti ọmọdé. Kò sí alágbára kankan láàárín wọn. Ìpín náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ṣáá.

Ó kan ibi tó le wàyí. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí a máa gbé e lọ fún, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, mi ò yẹ. Ẹ má jẹ́ kí n jẹ ìdálẹ́bi." Ọdọọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ 1 Kọ́ríńtì 11, láti ẹsẹ 27, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ Olúwa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka òkè ibẹ̀, láti ẹsẹ 20. Kí ló bí Pọ́ọ̀lù nínú? Àwọn olówó á tètè dé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu yó. Àwọn tó pẹ́ dé, àwọn aláìní, á bá àwo òfìfo. Ìyẹn ló pè ní jíjẹ lọ́nà àìyẹ. Nígbà tó sì máa parí ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ 33, kí ló ní kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ wá lára. Ìyá arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ní òun jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Àwa tí a jẹ tán láìrántí pé ìyá kò sí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ sọ, kí pásítọ̀ jókòó tì í kó gbọ́ ọ, kó sì fi ìdáríjì Jésù dá a lójú. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ Bíbélì dẹ́rù bà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n tí mo dúró nínú rẹ̀ yìí. Láti March 2020, nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà, tí àwọn ilé ìjọsìn sì wà ní títì, ọ̀pọ̀ ìjọ ní kí àwọn ènìyàn wọn gbé bisikíìtì àti omi èso síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n jọ gbàdúrà, kí wọ́n jẹ. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìyẹn. Ilẹ̀kùn wà ní títì, Ọlọ́run sì mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣílẹ̀kùn tipẹ́. Àwa padà wá. Àwọn arúgbó wa ṣì wà lórí àga kan náà níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwa sì ní, "Ìyá ti wò wá, ó ti tó." Kò tó o. Tẹlifíṣọ̀n lè gbé ohùn mi dé yàrá ìyá. Kò lè rí i pé ẹsẹ̀ ìyá ti wú. Kò lè gbóòórùn pé wọn ò tíì pàrọ̀ aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè bá a di ago mú. NEPA sì lè mú iná lọ kí n tó bùkún ago náà pàápàá! Ìwọ tí o wà nílé tí o ń wò mí, tí o ti gbé búrẹ́dì rẹ síwájú, jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀, Olúwa wà pẹ̀lú rẹ. Èmi ń bá àwọn tó lẹ́sẹ̀ wí.

Báwo wá ni a ṣe máa ṣe é? Ìsìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọ tó jẹ, ẹ ya ti àwọn tó wà nílé sọ́tọ̀ lórí tábìlì kan náà, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ ka orúkọ wọn sókè. Nígbà tí ìjọ bá jẹ tán, kí ẹni tó máa gbé e lọ wá síwájú, kí ẹ gbàdúrà fún un, kó sì lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má di ọjọ́ Wednesday. Bàbá á mọ̀ pé oúnjẹ tí gbogbo ìjọ jẹ láàárọ̀ ni òun náà jẹ. Ní ti ẹni tó yẹ kó gbé e, oníkálukú ìjọ ló ní ìlànà tirẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì gan-an, tí ọwọ́ àlùfáà àti díákónì nìkan ni wọ́n fi í sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà ní 1973 pé wọ́n lè yan ọmọ ìjọ láti ran àlùfáà lọ́wọ́, kó gbé e lọ fún aláìsàn. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ènìyàn méjì. Bó bá jẹ́ ìyá ni wọ́n ń lọ bá, kí obìnrin kan wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ojú kan náà máa lọ. Arúgbó ò fẹ́ àlejò tuntun lóṣooṣù.

Ẹ tẹ ìyá láago tàbí kí ẹ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ jẹ́ kó ráyè wẹ̀, kó wé gèlè rẹ̀. Àlejò Olúwa ni ẹ jẹ́, àmọ́ ilé rẹ̀ ni. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i bó ṣe yẹ. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó wọ yàrá bàbá ẹni ọdún 85, tó ń pàṣẹ bíi sójà, "Bàbá, ẹ yanu!" Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìtàn kan tàbí méjì. Ẹ kàwé ní Bíbélì, kó má gùn. Orin tó mọ̀ láti ìgbà èwe ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun ló jù níbẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí a ò fẹ́ fi oúnjẹ ìyè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀, ẹni tó ti dàgbà gan-an, gbígbé nǹkan mì lè ṣòro fún un. Oúnjẹ tàbí omi lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: báwo ló ṣe ń jẹun? Ṣé ó máa ń wúkọ́ tó bá mu omi? Ẹ má fún ẹni tó dùbúlẹ̀ ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, kí àgbọ̀n rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀, kó má wojú òkè. Ìwọ̀n orí ìka kékeré ti tó fún búrẹ́dì. Bó bá gbẹ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú ago kó rọ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é fún Serapion. Ẹ dúró kó gbé e mì tán kẹ́ ẹ tó gbé ago dé ẹnu rẹ̀. Bó bá wúkọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ yí padà bíi pé omi wà ní ọ̀fun, ẹ dáwọ́ dúró. Kó wà ní ìjókòó bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Ẹni tí dókítà ti ní kó má fi ẹnu jẹun, tó jẹ́ pé rọ́bà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ẹ má dán an wò. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ò ní kí a má fọ ọwọ́.

Kí ló máa wà nínú ago? Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n kìlọ̀ pé kí ènìyàn má mu ọtí mọ́, Flagyl jẹ́ ọ̀kan, àgbàlagbà sì máa ń lo oògùn púpọ̀. Omi èso àjàrà tí kò ní ọtí nínú dára. Kì í ṣe nǹkan àná. Láti 1869 ni Thomas Welch, oníṣègùn eyín kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà, ti fi iná ṣe omi èso àjàrà kó má baà di ọtí, nítorí tábìlì Olúwa gan-an ló sì ṣe ṣe é. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣíbí kékeré kan ti tó.

Bó bá wá di pé kò lè gbé nǹkan kan mì rárá ńkọ́? Ìwé Àdúrà àwọn ará wa ní ìjọ Áńgílíkà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1662, ti dáhùn ìyẹn: ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó fi ẹnu gbà á, bó bá ronú pìwà dà, tó gbàgbọ́ pé Jésù kú fún òun, tó sì ń dúpẹ́, ó ti jẹ, ó ti mu nínú ẹ̀mí. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ gbé búrẹ́dì náà síwájú rẹ̀ kó rí i, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ gbàdúrà ọpẹ́. Ẹ má jẹ́ kó rò pé ẹnu rẹ̀ tó kọ oúnjẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ìdílé.

Ẹni tó ti gbàgbé gbogbo nǹkan náà wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kẹ́ ẹ má bínú. Ní àwọn ilé kan, ìyá máa ń sọ̀rọ̀ dá lóru, ó máa ń jáde lálẹ́ láìmọ ibi tó ń lọ, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa. Wọ́n á dá a dá yàrá ẹ̀yìn, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìjọ má gbé tábìlì Olúwa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, àìsàn ọpọlọ ni! Ó ní orúkọ nílé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń pọ̀ sí i tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Nítorí náà, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ bá irú wọn. Olúwa ní ká jẹ ẹ́ láti rántí òun. Ìyá ti gbàgbé ọjọ́, ó ti gbàgbé orúkọ mi. Ẹ fi búrẹ́dì náà sí i lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́ kan, kẹ́ ẹ wo ètè rẹ̀. Nígbà míì ó máa mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà míì kò ní mọ̀ ọ́n, ìjọ á bá a rántí. Ẹ máa jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní tirẹ̀. Bó bá kọ̀, bó bá tu ú dànù, ẹ má fi tipá fún un, ẹ má sì bá a jà. Ẹ padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ má gba owó. Mo tún un sọ: ẹ má gba owó ọrẹ nídìí bẹ́ẹ̀dì arúgbó. Bí ọmọ rẹ̀ láti London bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìjọ, ó mọ ọ̀nà tó lè gbà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ kí i, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń tọ́jú ìyá. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ láti wàásù fún gbogbo ilé.

Ẹ rántí pé mo ní a máa padà sí odò Bésórì. Dáfídì ò pe àwọn 200 ní àwọn tó rẹ̀. Ó pè wọ́n ní àwọn tó jókòó ti ẹrù. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní yàrá ìyá, ẹ ní kó gbàdúrà fún ìjọ. Ẹ sọ orúkọ ọmọ tó ń ṣe ìdánwò fún un, àti ti obìnrin tó ń wá ọmọ, àti tèmi náà. Ìyá tí kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ní wákàtí púpọ̀ láti fi gbàdúrà, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é ni.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì, ìwé kìn-ín-ní, orí 5, ẹsẹ 9, pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó tó ti lé ní 60 ọdún sílẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń rántí, ọkàn máa ń gbàgbé. Nítorí náà, kí o tó kúrò níbi tí o jókòó sí, mú bírò. Kọ orúkọ arúgbó tó wà nílé rẹ tàbí ní àdúgbò rẹ tó ti ń jọ́sìn pẹ̀lú wa rí. Kọ ibi tó ń gbé, kí o sì kọ ohun tí ọlọ́kadà lè fi mọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní nọ́ńbà. Kọ wákàtí tí ara rẹ̀ máa ń yá jù. Kọ bóyá ó ń jẹun dáadáa tàbí ó máa ń wúkọ́. Kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kọ orin kan tó fẹ́ràn. Fún usher tó bá sún mọ́ ọ, tàbí kí o mú un wá sí ọ́fíìsì ìjọ ṣáájú ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a máa ka àwọn orúkọ náà lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó jẹ, ẹ̀yin díákónì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn.